Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan Lórí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́: Ta Ni Yóò Ṣe Amọ̀nà?

Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òwe yìí ni àwọn baba wa fi ń gba ọ̀dọ́ níyànjú láti rin ìrìn-àjò, kí ojú wọn lè là, kí wọ́n sì mọ̀ pé ayé tóbi ju àgbàlá baba wọn lọ. Ṣùgbọ́n òwe mìíràn wà tí ó yẹ kí a máa fi tì í lẹ́yìn: àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó dé ilẹ̀ tí kò mọ̀ rí kì yóò rí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an, àfi bí ẹni tí ó mọ ibẹ̀ bá fi ọwọ́ tọ́ka sí i, tí ó sì là á yé e. Láàrin òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ìjòyè, àti gbogbo ẹ̀yin tí ń ka ìwé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa sọ ní oṣù yìí wà.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìrìn-àjò afẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ rìn lórí ọ̀sà, láti èbúté Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lọ sí àwọn ìletò apẹja àti ibi tí omi yí ká. Àwọn tí ó ń ti Èkó wá fún un ń pọ̀ sí i: ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ ya àwòrán, ọmọ wa tí a bí sí òkè òkun tí ó fẹ́ mọ ilẹ̀ baba rẹ̀, àti àjèjì pẹ̀lú. Èrò tèmi ni pé ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá tètè pinnu ẹni tí yóò ṣe amọ̀nà, ẹni tí yóò ni ọkọ̀, àti ẹni tí owó náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́, ohun rere yìí yóò di àdánù fún àwọn tí wọ́n ni omi, yóò sì di ìtìjú fún àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àlejò ń wá rí, nítorí àwa tí a bí sí etí omi ti mọ̀ ọ́n mọ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi kà á sí mọ́. Ẹni tí ó bá dé Ọjà Olúwo ní kùtùkùtù yóò bá àwọn ọkọ̀ tí ó ti ń bọ̀ láti àwọn ìletò láti òru, wọ́n gbé ọ̀bọ̀kún, epìyà, àrọ̀, edé àti akàn. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja yóò ti dúró dè wọ́n ní èbúté. Ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n, ẹnu ni wọ́n fi ń ná ọjà, kí oòrùn sì tó ga, ẹja tí ó sùn nínú omi lánàá yóò ti wà lọ́nà Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í ṣe eré ni èyí. Iṣẹ́ ni, ó sì ní ẹ̀kọ́ nínú: bí a ti ń hun àwọ̀n, bí a ti ń mọ àkókò tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà, àti bí a ti ń fún oníbàárà ní àwìn tí a sì ń gbà á padà láìsí ìwé kankan.

Lẹ́yìn ọjà ni omi fúnra rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé omi Ọ̀ṣun, èyí tí ó sun láti ilẹ̀ olókè Èkìtì, tí ó gba Òṣogbo kọjá, ni ó ń bọ̀ wá dà sínú ọ̀sà Lẹ́kkí ní ìhà ìlà oòrùn wa? Láti ibẹ̀ ni ó ti ń gba ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kọjá, tí ó sì ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu òkun ní Èkó. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sí ara àwọn ibi àjogúnbá tí gbogbo ayé ń bọlá fún. Omi kan náà ni! Ohun tí àwọn ará òkè ń fi ayẹyẹ bọlá fún ní Òṣogbo ni ó ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀ apẹja wa ní Ẹ̀pẹ́, láìsí ẹni tí ó sọ fún àlejò pé láti orí òkè Èkìtì ni ó ti wá. Ọ̀nà kan ni omi yìí fi so Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ìjẹ̀bú àti Èkó pọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti dá ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kankan sílẹ̀.

Ìtàn pẹ̀lú wà lórí omi náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó. Ọ̀sà yìí ni ó gbà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ó fi fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùdó. Ní ọdún 1854 ni òun àti Kọ́ńsùlù Campbell ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, tí a sì gbà fún un pé kí ó máa ṣòwò ní èbúté Palma ní etí òkun. Ọdún 1862 ni ó tó padà sí Èkó. Àwọn tí kò bá a padà ni baba ńlá àwọn ará Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún Káyó-káyọ̀ lẹ́yìn Iléyá títí di òní. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tún gba omi kan náà wá, wọ́n gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gòkè lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmagbọ̀n. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Ẹ̀pẹ́ ni Èjìnrìn wà, ọjà ńlá tí àwọn oníṣòwò Èkó àti ti òkè ti ń pàdé nígbà kan rí, kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí òwò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí kúrò lórí omi. Ní òdìkejì ọ̀sà ni Lẹ́kkí wà, níbi tí a há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1962, nígbà tí ìjọba kéde pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ní àkókò náà, ibi tí ó jìnnà sí ìlú ni Lẹ́kkí jẹ́. Ẹni tí a bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má rí ni à ń rán lọ síbẹ̀. Lónìí, orúkọ Lẹ́kkí ti di ohun tí àwọn onílé olówó ńlá ń jà lé lórí.

Ẹ wo ọrọ̀ tí ó wà nínú ìrìn-àjò ọjọ́ kan! Ṣùgbọ́n ta ni ń sọ ọ́ fún àlejò?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá àwọn kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú mi wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sórí ọ̀sà, pẹ̀lú amọ̀nà kan tí a san owó fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lọ́yàyà ni, ó sì mọ bí a ti ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí a kúrò ní èbúté ni ó sọ fún wa pé Kòsọ́kọ́ ni ó tẹ Ẹ̀pẹ́ dó. Ìyá arúgbó kan tí ó bá wa wọ ọkọ̀, tí ó ń padà sí ìletò rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n tí ó ti ṣófo, wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó wá gba Kòsọ́kọ́ lálejò nígbà tí ó dé? Ṣé ẹja ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìletò tí à ń lọ, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Àwọn èrò tí kì í ṣe ti wa yọ fóònù wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán obìnrin kan tí ó ń yan ẹja, láìkí i, láìtọrọ ààyè. Obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wọn. Amọ̀nà wa kò kí i pẹ̀lú. Ohun tí ó sọ fún wọn ni pé àwọn tí kò rí ilẹ̀ kọ́lé sí ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ènìyàn mi, obìnrin yẹn gbọ́ Yorùbá.

Èmi kò dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́bi tó bí mo ti dá àwa àgbà lẹ́bi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Kò sí ìwé Yorùbá kan tí a kọ sílẹ̀ fún un, tí ó sọ ohun tí ó dájú nípa èbúté kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ díẹ̀ nílé ọtí, ó gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu àwọn awakọ̀, ó sì fi ọgbọ́n orí rẹ̀ di ìyókù. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ọjà gbogbo, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Olúwo.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é. Ní orí òkè Andes ní gúúsù Amẹ́ríkà ni adágún Titicaca wà, láàrin Peru àti Bolivia, ní gíga mítà 3,812 sókè ojú òkun. Láti ìlú Puno ni àwọn àlejò ti ń wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀, pẹ̀lú amọ̀nà, lọ sí erékùṣù méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ dé àárín àwọn Uros, tí wọ́n ń gbé orí erékùṣù tí wọ́n fi koríko inú omi tí a ń pè ní totora dì pọ̀ fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ sí Taquile, erékùṣù olókùúta tí àwọn ẹ̀yà Quechua ń gbé. Níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ni ń fi abẹ́rẹ́ hun fìlà, àwọn obìnrin ni ń hun aṣọ lórí òfì, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n kà lè fi fìlà mọ ọkùnrin tí ó ti gbéyàwó àti èyí tí kò tíì gbé. Ní ọdún 2005, ọdún kan náà tí a bọlá fún igbó Ọ̀ṣun, ni UNESCO kéde iṣẹ́ ìhunṣọ wọn gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí kì í ṣe fìlà. Nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí wá sí Taquile ní àwọn ọdún 1970, àwọn ará erékùṣù náà pa owó pọ̀, wọ́n kan ọkọ̀ tiwọn, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò àlòkù sí i. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tiwọn ni ń gbé èrò lọ sí ilẹ̀ wọn. Ilé wọn ni àlejò ń sùn sí, wọ́n sì ń pín àlejò láti ilé dé ilé, kí ó má baà jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa jẹ ẹ́. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1990, ìjọba Peru gbé òfin jáde lòdì sí kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo máa dá òwò kan ṣe. Àwọn oníṣòwò Puno, tí owó wọn pọ̀ jù, tí ọkọ̀ wọn sì yá jù, wọlé. Láti ìgbà náà ni àlejò ti ń dé Taquile ní àràádọ́ta ìgbà kan, tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, tí wọ́n ń ya àwòrán, tí wọ́n sì ń lọ, tí èyí tí ó pọ̀ nínú owó náà sì ń bá wọn padà sí Puno. Àwọn ará erékùṣù kò dákẹ́. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò tiwọn sílẹ̀ láti bá wọn figẹ̀ wọngẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ hàn gbangba. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó ni àlejò, ẹni tí ó ni àlejò ni ó ni ìtàn.

Kò di ìgbà tí a bá dé Amẹ́ríkà. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ilẹ̀ Benin, ni Ganvié wà lórí adágún Nokoué, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ẹ̀yà Tofinu ń gbé inú ilé tí a fi òpó igi gbé ró sórí omi. Láti Abomey-Calavi ni àlejò ti ń wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ìtàn wọn wí pé àwọn baba wọn sá sórí omi kí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì má baà kó wọn lẹ́rú, nítorí pé èèwọ̀ ni fún àwọn ọmọ ogun náà láti jà lórí omi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí Dàhòmì fi ojú Kétu àti àwọn ìlú Ẹ̀gbádò rí kò nílò ẹni tí yóò là á yé yín. Láti ọdún 1996 ni ìjọba Benin ti fi orúkọ Ganvié ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí a rò ó wò. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi akẹtẹ̀ bo ojú nígbà tí ọkọ̀ àlejò bá ń bọ̀, àti àwọn ọmọdé tí wọ́n ti kọ́ láti máa tọrọ owó. Àwọn tí baba wọn sá kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń tà ènìyàn kò fẹ́ kí a máa ta àwòrán ojú wọn.

Ní Ethiopia ẹ̀wẹ̀, ní orí òkè, adágún Tana wà, tí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ tó mítà 1,800, níbi tí odò Náìlì Aláwọ̀ Ojú Ọ̀run ti ń ṣàn jáde. Lórí àwọn erékùṣù rẹ̀ ni ilé àwọn mọ́ńkì wà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn mọ́ńkì fúnra wọn ni ń ṣí ìwé awọ ẹran àtijọ́ fún àlejò, àwọn ni ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ tẹ̀. Àwọn erékùṣù kan sì wà tí obìnrin kì í wọ̀. Ó lè má tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ṣùgbọ́n onílé ni ó sọ òfin ilé rẹ̀, àlejò sì ń pa á mọ́. Ohun tí Tana ní ni Ganvié ṣaláìní, òun náà ni Taquile ń jà láti gbà padà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé fàájì olówó ni ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́, pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ú lọ wà nílẹ̀. Mo gbà pé àwọn ọ̀rọ̀ wíwúwo wà. Lẹ́bàá omi wa ni a dá agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kkí sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ní ọdún 2023 ni a ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí àti ilé ìfọpo Dangote. Ilẹ̀ etí ọ̀sà ń di títà láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn awayanrìn sì ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi níbi tí ẹja ti ń yé. Ṣùgbọ́n ìdí nìyí gan-an tí ọ̀rọ̀ mi kì í fi í ṣe fàájì. Èbúté tí kò ní orúkọ nínú ìwé, tí kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀, tí kò mú owó wọlé fún ẹnikẹ́ni, ni ó rọrùn jù lọ láti tà. Ìletò tí àlejò ń wá wò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn, ní ẹlẹ́rìí púpọ̀ ní ọjọ́ tí ẹni tí ó fẹ́ fi ọgbà yí i ká bá dé.

Àwọn mìíràn yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni pé Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ tí ń mójú tó ọ̀nà omi sílẹ̀ ní ọdún 2008, òfin rẹ̀ sì dára: kí olúkúlùkù èrò wọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà, kí ọkọ̀ má sì rìn ní òru. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè mọ orúkọ ìyá tí ó kọ́kọ́ tẹ ìletò kan dó. Ìjọba kò sì lè kọ́ ọmọ wa bí a ti ń kí ẹni tí ó ń yan ẹja. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ìjọba ṣe tirẹ̀, kí àwa náà ṣe tiwa.

Nítorí náà, ohun tí mo dá lábàá fún Ẹgbẹ́ wa, àti fún àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́, nìyí.

Èkíní, kí a kọ ìwé kékeré kan ní èdè Yorùbá, tí yóò sọ ìtàn èbúté kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ àlejò ń dé. Kí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti ti Èkó Ẹ̀pẹ́ jókòó pọ̀ lé e lórí, kí a sì bi àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn tí wọ́n ti ń pẹja lórí omi yìí pẹ̀lú léèrè ìtàn tiwọn. Kí a ya ohun tí ó dájú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́. Bí àpẹẹrẹ, Erédò Súngbọ́, yàrà ńlá tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún ohun tí ó ju kìlómítà 160 lọ, tí jíjìn rẹ̀ tó ogún mítà ní ibòmíràn, wà nítòsí Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ojú ni ó rí i. Ṣùgbọ́n pé Bílíkísù Súngbọ́ ni Ayaba Ṣébà inú Bíbélì, ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ni. Àwọn ará Ethiopia pẹ̀lú ní tiwọn ni ayaba náà. Kí amọ̀nà kọ́ láti máa wí pé, "Báyìí ni àwọn baba wa ń sọ ọ́." Kò dín iyì ìtàn kù, ó fi kún iyì ẹni tí ń sọ ọ́.

Èkejì, kí a yan ọ̀dọ́ láti inú àwọn ìletò náà fúnra wọn, ọkùnrin àti obìnrin, kí a kọ́ wọn, kí a dán wọn wò, kí a sì fún ẹni tí ó bá yege ní ìwé ẹ̀rí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ó yẹ kí ó gba iṣẹ́ yìí, nítorí pé olùkọ́ ni amọ̀nà, ọkọ̀ nìkan ni ó fi ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìletò pa owó pọ̀ bí àwọn ará Taquile ti ṣe, kí wọ́n ní ọkọ̀ tiwọn, kí wọ́n sì máa gbé èrò ní yíyípo, kí ipò lè kan olúkúlùkù. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja wa mọ àjọ àti èésú ju ilé ìfowópamọ́ kankan lọ. Ẹ má ṣe fi wọ́n sẹ́yìn nínú ètò yìí. Kí apá kan nínú owó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọ inú àpótí ìletò tí àlejò dé, ní gbangba, lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin, kí òfin ìwà rere wà fún àlejò, kí a sì kà á sí wọn létí kí ọkọ̀ tó ṣí. Kí a kí ènìyàn kí a tó wò ó. Kí a tọrọ ààyè kí a tó ya àwòrán. Kí a má ṣe fi owó lé ọmọdé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe oore, kí ó ra ẹja lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ọkọ̀ láìsí ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ìjòyè, ì báà jẹ́ àlùfáà. Omi kò mọ oyè.

Ẹ̀karùn-ún, kí a sọ òtítọ́ fún ara wa nípa àwọn ẹranko tí a ń tà lọ́jà. Àwọn kan ń wá sí Ọjà Olúwo láti wo akíka àti ọmọ ọ̀nì nínú àgò. Ọdún 1985 ni òfin orílẹ̀-èdè yìí ti dá ààbò bo irú ẹranko bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá tà tán lónìí, àwọn ọmọ wa kì yóò rí i fi han àlejò lọ́la. Ẹja ni Ẹ̀pẹ́ fi lókìkí. Kí ó fi ẹja lókìkí lọ.

Ẹ̀kẹfà, èyí tí mo fi ṣe olórí gbogbo rẹ̀, kí àwọn ọmọ tiwa jẹ́ àlejò àkọ́kọ́. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sórí ọ̀sà ní ọjọ́ kan lọ́dún, nínú ọkọ̀ tí ó dára, pẹ̀lú amọ̀nà tí ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó lè ka orúkọ àwọn odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí, tí kò mọ ibi tí Ọ̀ṣun ń dà sí, kò tíì kàwé.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, èmi kò béèrè fún ohun tí ó kọjá agbára wa. Ìwé kékeré kan, ogún ọ̀dọ́ tí a kọ́ dáadáa, ọkọ̀ díẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn tí ń gbé lórí omi, àti òfin tí ó pọ́n ènìyàn lé. Àwọn ará Taquile, tí wọn kò ní ìjòyè ọlọ́rọ̀ bí tiwa, tí wọn kò sì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àlòkù. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní Ẹ̀pẹ́ bá pàdé, kí a fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú, kí a yan ènìyàn márùn-ún tí yóò bá àwọn ará ìletò sọ̀rọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì mú èsì wá. Bí a bá dúró títí tí ẹlòmíràn yóò fi kan ọkọ̀ tí ó dára ju tiwa lọ, òun ni yóò máa sọ fún àwọn ọmọ wa ẹni tí baba wọn jẹ́, yóò sì gba owó lọ́wọ́ wọn kí ó tó sọ ọ́.